Tabby, calico, tuxedo: aṣọ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ológbò

Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham ní London gba ológbò kan sílé. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n fún un ní káàdì, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "DSH, tabby & white, MN." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni tabby? Ṣé irú ẹ̀yà ológbò kan ni?"

Rárá o. Ilà ara ni. Ológbò tó nílà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára, èyí tó ní tótòtó, èyí tí ilà rẹ̀ lọ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, tabby ni gbogbo wọn, ì báà ṣe aláwọ̀ eérú, ì báà ṣe pupa. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ilà kan tó dà bíi lẹ́tà M lókè ojú rẹ̀ méjèèjì. Bí irun ẹ̀yìn rẹ̀ kan bá já sí yín láṣọ, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀: bó bá jẹ́ irun àárín ilà méjì ni, fọ́nrán kan ṣoṣo yẹn á ṣú níbì kan, á mọ́ níbòmíràn.

Orúkọ náà ti ọ̀nà jíjìn wá. Àdúgbò kan wà ní Baghdad láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Attabiyya. Àwọn ahunṣọ ibẹ̀ ń hun sílíìkì onílà kan, orúkọ àdúgbò wọn sì mọ́ aṣọ náà lára, bí àwa náà ṣe ń sọ pé òfì Ìsẹ́yìn. Nígbà tó dé Yúróòpù, àwọn Faransé pè é ní tabis, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní tabby. Nígbà tó fi di ọ̀rúndún 17, wọ́n ti ń fi orúkọ aṣọ yìí pe ológbò tí ara rẹ̀ jọ ọ́. Lónìí, ekukáká la fi ń rí ẹni tó rántí aṣọ náà. Ara ológbò ni orúkọ rẹ̀ kù sí.

Orúkọ aṣọ mìíràn ni calico. Ìlú Calicut ní Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Kozhikode báyìí, ni aṣọ òwú yìí ti gba orúkọ. Ní Amẹ́ríkà, aṣọ òwú tí wọ́n tẹ òdòdó àti àwọ̀ sí lára ni calico, nítorí náà ológbò tó ní funfun, dúdú àti pupa di calico lọ́dọ̀ wọn. Ní Ìlú Ọba, calico ṣì jẹ́ aṣọ òwú gbẹrẹfu tí wọn kò pa láró, kò sì lè bá irú ológbò bẹ́ẹ̀ mu. "Tortoiseshell and white" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ jọ igbá ẹ̀yìn ìjàpá, funfun sì wà níbẹ̀. Tuxedo ni ológbò dúdú tó láyà funfun, bí ọkùnrin tó wọ kóòtù lọ sóde alẹ́. Tuxedo Park ní ìpínlẹ̀ New York ni kóòtù náà ti gba orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí calico. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé abo ni gbogbo ológbò tó ní dúdú àti pupa lára pọ̀. Jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń sọ irun di pupa, orí kúrómósóòmù X ló wà; kúrómósóòmù ni fọ́nrán tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé jíìnì. Abo ní X méjì, akọ ní ẹyọ kan. Nígbà tí abo ṣì jẹ́ ọlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ti X kan pa, á máa lo èkejì. Níbi tí X pupa bá ti ń ṣiṣẹ́, irun á pupa. Níbi tí wọ́n bá ti tì í pa, irun á dúdú. Jíìnì mìíràn ló ń mú funfun wá.

Àwọn onímọ̀ ní Texas A&M University mú sẹ́ẹ̀lì kan lára calico tó ń jẹ́ Rainbow, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2001 ni wọ́n bí ẹ̀dà náà. Ológbò àkọ́kọ́ tí wọ́n bí lọ́nà bẹ́ẹ̀ nìyẹn, CC ni wọ́n sọ ọ́. Rainbow ní pupa lára. CC kò ní rárá, tabby oní-funfun ló jẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú yẹn, X pupa ti wà ní títì pa. Mi ò tíì rí ohun tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn orúkọ yòókù kò le. Kitten ni ọmọ ológbò, queen ni abo tó ń bímọ, tom ni akọ. Ìwé kan tó jáde ní 1760, tí ológbò inú rẹ̀ ń jẹ́ Tom, ló mú kí orúkọ yẹn gbilẹ̀. Mouser ni apeku. Oyè tí Larry, ológbò ilé ìjọba ní Downing Street, ń jẹ láti 2011 nìyẹn, tabby oní-funfun ni òun náà.

Àwọn méjì tó yẹ kí á mọ̀ yàtọ̀ ni stray àti feral. Stray ti nílé rí, ó sọnù ni tàbí wọ́n lé e jáde. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó lè rọra súnmọ́ yín, kó nàró ìrù, kó ké. Ìta ni wọ́n bí feral sí, ọwọ́ ènìyàn kò kàn án ní kékeré, á sá pamọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá pe stray ní feral, torí ẹni tó ń wá a nílé lè máa wá a lọ, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ sígboro.

Mo wá ka káàdì náà fún àbúrò mi. DSH ni "domestic shorthair", ohun tí dókítà ń kọ fún ológbò lásán tí irun rẹ̀ kúrú, èyí tí ará Ìlú Ọba ń pè ní moggy. MN ni pé akọ ni, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Mo sọ fún un pé ní tiwa, ẹyẹ ló fún aṣọ lórúkọ: torí aṣọ náà jọ ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù ni wọ́n ṣe ń pè é ní ẹtù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń wá orúkọ tí òun máa sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, Ẹtù ni yóò máa jẹ́.