Bí RAM ṣe wọ́n tó yìí, ṣé dandan ni ká ra èyí tó yára jù?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Micron, iléeṣẹ́ tó ń ṣe RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), kéde pé òun máa fòpin sí títa RAM tó ń jẹ́ Crucial fún àwa tá à ń rà á sínú kọ̀ǹpútà ara wa, kí òun lè ráyè gbọ́ ti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń ra RAM fún iṣẹ́ AI. Owó RAM ti ń gbéra kí ìròyìn yẹn tó jáde. Látìgbà náà ni ìbéèrè ò ti dáwọ́ dúró: bí owó bá máa jáde báyìí, ṣé kéèyàn kúkú ra RAM tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 8000 ni, àbí 5600 náà tó?

Kí ni 6000 tí wọ́n kọ sára RAM?

Iye ìgbà tó lè gbé dátà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, ní mílíọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni DDR, irú RAM tí kọ̀ǹpútà òde òní ń lò, ń gbé dátà nínú ìlù agogo kọ̀ọ̀kan, torí náà agogo RAM 6000 ń lù ní 3000 MHz. Bí sọ́fítíwíà kan bá fi 3000 hàn yín, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

CL30 àti CL40 wá ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. CL ni iye ìlù agogo tí RAM máa fi dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Ẹ fi 2000 sọ CL di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi ìyára RAM pín in, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni ìdúró náà ní nanosecond. 6000 CL30 jẹ́ 10. 7200 CL36 jẹ́ 10. DDR4 3200 CL16, ìran RAM tó ṣáájú DDR5, tí wọ́n ti ń tà tipẹ́, 10 náà ni! Àmọ́ DDR5 4800 CL40 lé ní 16, ìdí sì nìyẹn tí DDR5 àkọ́kọ́ kì í fi í borí DDR4 tó dáa nínú ọ̀pọ̀ géèmù.

Ẹ má fojú kéré nọ́ńbà ńlá o. Ẹyọ 6000 méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lè gbé dátà tó 96 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 3200 méjì ò lè kọjá 51. Géèmù máa ń béèrè dátà kéékèèké láti ibi púpọ̀, ìdúró ló ń dùn ún. Iṣẹ́ tó ń wọ́ dátà gbàràgbàrà, bíi kéèyàn máa di fáìlì ńlá pọ̀, ló ń jẹ àǹfààní gbígbé dátà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé màá rí ìyàtọ̀ nínú géèmù?

Ó dá lórí ẹni tó ń dá iṣẹ́ dúró. Tẹ́ ẹ bá ń gbá géèmù ní 4K (àwòrán tó mọ́ kedere gan-an), tẹ́ ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sókè, káàdì gíráfíìkì ló ń làágùn. Ẹ lè máà mọ̀ pé RAM yí pa dà. Ní 1080p, tí àwòrán kò mọ́ tó ti 4K àmọ́ tó ń sáré, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ló ń dúró de RAM, ibẹ̀ lẹ máa rí i, pàápàá níbi tí àwòrán ti ń ta gìdì. Processor bíi Ryzen 7 7800X3D, tó ní 96 MB àpamọ́ dátà tó yára (L3) nínú ara rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà.

Kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì gíráfíìkì ló yàtọ̀ pátápátá. Inú RAM ló ti ń ya àwòrán rẹ̀, torí náà ìyára ṣe pàtàkì sí i gan-an. Ẹ má fi ẹyọ kan ṣoṣo sínú irú ẹ̀ láéláé.

Fídíò ni mo ń gé ní tèmi.

Ẹ ra púpọ̀ kẹ́ ẹ tó ra yíyára. Bí RAM bá kún, inú SSD, ibi tí fáìlì yín ń wà, ni kọ̀ǹpútà máa ń kó iṣẹ́ lọ, SSD tó dáa jù náà ò sì sún mọ́ RAM ní ìyára. 32 GB ní 5600 sàn fún yín ju 16 GB ní 8000. Ẹ ṣí iṣẹ́ yín tó wúwo jù, kẹ́ ẹ wo Memory nínú Task Manager ti Windows: bó bá ti ń súnmọ́ ibi tó máa kún, ìyẹn ni ìdáhùn yín.

6000 ni mo rà, 4800 ni mò ń rí. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ ò tíì tan XMP, ètò tó ń mú RAM dé ìyára tí wọ́n kọ sára rẹ̀, tàbí EXPO tó bá jẹ́ processor AMD lẹ ní. Ẹ tẹ Del tàbí F2 bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń tàn, ẹ wá a nínú BIOS (ojú ìwé ètò kọ̀ǹpútà tó máa ṣí), ẹ tàn án, ẹ fi pa mọ́. Ojú rẹ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà. Ó ń dán RAM wò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má paná rẹ̀.

Ṣé mo lè fi méjì kún méjì tó wà níbẹ̀?

Mi ò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lórí DDR5. Fún àwọn processor Ryzen 7000, 5200 ni AMD fọwọ́ sí fún ẹyọ méjì. Tó bá di mẹ́rin, 3600. Ẹ ra méjì ńlá tó wà nínú páálí kan náà.

Ṣé DDR5 máa wọ ihò DDR4?

Rárá.

Ṣé ewu wà nínú kí n gbé ìyára sókè?

Ó wà. AMD fúnra rẹ̀ ka EXPO sí àṣerékọjá (overclocking), ìyẹn lílo ohun èlò kọjá ìyára tí wọ́n fọwọ́ sí, ó sì lè ba wáráńtì jẹ́. Èyí tí mò ń bẹ̀rù jù ni RAM tó ń ṣàṣìṣe láìsọ fún ẹnì kankan: fáìlì oníbàárà á bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní tètè mọ̀. Ẹ jẹ́ kí MemTest86, sọ́fítíwíà tó ń dán RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bó bá rí àṣìṣe kan péré, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 5600, kẹ́ ẹ tún un dán wò.

Èwo wá ni kí n rà?

Lórí AM5, ìyẹn ihò tí Ryzen 7000 ń wọ̀, 6000 CL30. Bí ìyẹn bá wọ́n jù, CL36. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra GB púpọ̀ sí i. Ẹni tí DDR4 3200 rẹ̀ ò tíì kún rí, kó fọwọ́ lé owó rẹ̀ ná.