Ìwádìí ètò ọrọ̀ ajé àti ìlànà ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Kwara

Ìwádìí ètò ọrọ̀ ajé lórí ìlànà ìjọba ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń ṣe láti mọ ohun tí òfin tàbí ètò kan ṣe fún ará ìlú ní tòótọ́. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ká ní ìjọba kò ṣe nǹkan yìí rárá, báwo ni ìbá ti rí? Kò sẹ́ni tó lè fojú rí ìdáhùn rẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń wá ìlú mìíràn tí ètò náà kò dé, wọ́n á sì fi méjèèjì wéra. Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ tó yéni jù lọ ní Nàìjíríà wáyé nítòsí Ìlọrin, láàárín Àfọ̀n àti Àjàṣẹ́-Ìpo.

Àfọ̀n àti Àjàṣẹ́-Ìpo

Ní 2007, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera Hygeia, àti àjọ PharmAccess àti Health Insurance Fund ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera fún àwọn ará ìgbèríko, láti Shonga. Ní 2009 ó dé agbègbè Àfọ̀n ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Asà. Nígbà náà, ẹni tó bá wù ló ń forúkọ sílẹ̀. Nǹkan bí 300 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún, owó ìrànwọ́ sì ń gbé èyí tó kù. Wọ́n tún àwọn ilé ìwòsàn inú ètò náà ṣe pẹ̀lú.

Ẹnì kan lè rò pé kí wọ́n kàn fi àwọn tó forúkọ sílẹ̀ wé àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń ṣìnà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ló sábà máa ń yára forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le á ní òun ò tíì nílò rẹ̀. Bí a bá wá fi wọ́n wéra, yóò dà bí ẹni pé adójútòfò ló ń kó àìsàn bá èèyàn. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí láti Amsterdam àti Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin fi mú agbègbè Àfọ̀n lápapọ̀, àtẹni tó forúkọ sílẹ̀ àtẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi í wé Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ètò náà kò dé. Ní 2009 àti 2011 wọ́n ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń bèèrè iye tí ìdílé ná sórí ìtọ́jú, wọ́n sì ń wọn ìfúnpá àwọn àgbàlagbà.

Àbájáde náà jáde ní 2014. Láàárín àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Àfọ̀n, iye òkè nínú ìfúnpá wọn fi 10.41 mm Hg, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìfúnpá, wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́-Ìpo náà, ó fi 5.17 wálẹ̀ láìsí adójútòfò kankan. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè lọ wá oògùn fúnra rẹ̀. Iye tó ga gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sì sábà máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, 5.24, ni a lè kà sí iṣẹ́ ètò náà. Bí kò bá sí Àjàṣẹ́-Ìpo ni, ìlọ́po méjì ohun tó ṣe ni wọn ìbá kà sí i lọ́rùn. Síbẹ̀ èyí tó kù kì í ṣe kékeré, nítorí ó tó láti dín ewu rọpárọsẹ̀ kù.

Ìwádìí mìíràn rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún aboyún, nǹkan bí 29 sí i ló lọ bímọ sí ilé ìwòsàn nítorí ètò náà. Ohun kan wà tí ìwádìí wọ̀nyí kò lè yà sọ́tọ̀: adójútòfò àti àtúnṣe ilé ìwòsàn jọ wọlé pọ̀ ni. Èyí ṣe pàtàkì lónìí, nítorí òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà. Káàdì adójútòfò ní ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn kì í ṣe ohun tí wọ́n dán wò ní Àfọ̀n.

Ọ̀wọ́ngógó ọjà

Ìfiwéra tún lè ṣìnà bí òṣùwọ̀n bá yí padà. NBS, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, kéde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní Oṣù Kejìlá 2024, ó sì di 24.48 ní Oṣù Kìíní 2025. Ata kò tìtorí ẹ̀ dọ̀pọ̀ ní ọjà Ìpàta. Àjọ náà ló yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀, ìyẹn ọdún tó fi ń wé iye owó ọjà, láti 2009 sí 2024, tó sì dín ìpín oúnjẹ nínú ìṣirò náà kù láti nǹkan bí ìdá 52 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò yẹ kí a fi iye méjèèjì wéra rárá.

Owó oṣù tó kéré jù lọ

David Card àti Alan Krueger, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, ló sọ irú ìfiwéra ti Àfọ̀n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní April 1992, New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé owó tó kéré jù lọ fún iṣẹ́ wákàtí kan láti dọ́là 4.25 sí 5.05, Pennsylvania tó bá a pààlà kò sì gbé tirẹ̀. Wọ́n wo ilé oúnjẹ 410 ní ìhà méjèèjì, wọn kò sì rí i pé iṣẹ́ dín kù. Card gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

A kò lè gbé àbájáde yẹn wá sí Ìlọrin bó ṣe wà. Òfin Nàìjíríà yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ télọ̀, mẹkáníìkì àti oníṣọ́ọ̀bù kékeré ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Owó tó kéré jù lọ di 70,000 náírà ní Oṣù Keje 2024, àtúnyẹ̀wò rẹ̀ sì di ọdún mẹ́ta mẹ́ta dípò márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àfikún tó ń bọ̀ yóò ṣe ní Kwara ní láti ka iye òṣìṣẹ́ àti owó wọn kí ọdún 2027 tó dé.