Fífi ẹ̀rọ amúlétutù abẹ́ ilẹ̀ sí ilé ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀rọ amúlétutù abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń kó ooru inú ilé lọ dà sínú ilẹ̀, tàbí tó ń fa ooru inú ilẹ̀ wá sínú ilé níbi tí òtútù ti ń mú. Omi tó ń yípo nínú páìpù oníke tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló ń gbé ooru náà lọ, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilé kì í tutù débi tí wọ́n á fi ẹ̀rọ mú un gbóná. Mímú yàrá tutù àti pípèsè omi gbígbóná fún ìwẹ̀ ni iṣẹ́ tó wà fún un níbẹ̀. Ọwọ́ òkúta àti omi tó wà lábẹ́ ilé ni bí yóò ṣe wúlò tó kù sí, ju ọwọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

Ó yàtọ̀ sí iná mànàmáná tí wọ́n ń fi ooru ọ̀gbun ilẹ̀ ṣe ní Olkaria, orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ó sì yàtọ̀ sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkọgósì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kò pọn dandan kí ilẹ̀ tí ẹ̀rọ yìí ń lò gbóná. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ìwọ̀n ooru ibẹ̀ má máa yí padà.

Ìtàn

Ní 1852 ni William Thomson, ẹni tí wọ́n wá ń pè ní Lord Kelvin, ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe lè gbé ooru láti ibi tó tutù lọ síbi tó gbóná. Ní 1912, Heinrich Zoelly gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ (patent) ní Siwisalandi lórí fífa ooru inú ilẹ̀. Ilé Commonwealth ní Portland, Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948, wà lára àwọn ilé ńlá àkọ́kọ́ tó lo omi abẹ́ ilẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n ní 1973 ni Sweden gbà á wọlé gan-an. Ti Sweden yìí ló yẹ kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ fojú sí, nítorí inú akọ òkúta ni púpọ̀ nínú ihò tí wọ́n ń rì páìpù sí níbẹ̀ náà wà.

Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́

Orí òkúta àtayébáyé ni ìlú náà wà: gneiss, migmatite, granite àti quartzite, tí ọjọ́ orí púpọ̀ nínú wọn lé ní 600 mílíọ̀nù ọdún. Iyẹ̀pẹ̀ àti yangí ló bò wọ́n lórí. Lábẹ́ yangí ni amọ̀ wà, lẹ́yìn rẹ̀ òkúta tó ti jẹrà, kí wọ́n tó kan òkúta líle tí kò tíì jẹrà. Bí ìpele wọ̀nyí ṣe nípọn tó kì í bára mu. Nínú ọgbà kan náà, wọ́n lè kan òkúta ní mítà díẹ̀ lẹ́bàá géètì, kí ó sì jìn gan-an lẹ́yìnkùlé. Ìdí nìyí tí àwọn agbẹ́kànga fi máa ń ṣe sọ́fè kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀: wọ́n á gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n á fi iná ránṣẹ́ gba inú méjì, wọ́n á sì ka bí ilẹ̀ ṣe ń dènà rẹ̀ lára méjì yòókù.

Ohun tó ń fa omi fún oníkànga kọ́ ló ń gbé ooru lọ. Akọ òkúta bíi granite ń jẹ́ kí ooru kọjá ní ìwọ̀n bíi wáàtì 3 fún mítà kan àti dígírì kan. Quartzite lè tó 5 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yangí tó ti gbẹ kì í sábà tó 1. Èyí túmọ̀ sí pé ihò tí oníkànga á kọ̀ sílẹ̀ pé kò lómi ṣì lè dára fún ooru. Bí òkúta bá wá sán, tí omi sì ń gba ibẹ̀ kọjá, ó tún dára jù, torí omi náà á máa ṣàn lọ pẹ̀lú ooru.

Láti nǹkan bíi mítà 10 sísàlẹ̀, ìwọ̀n ooru ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà yípo ọdún. Ní agbègbè yìí ó sún mọ́ 27°C. Ní ọ̀sán oṣù Kejì àti Kẹta, afẹ́fẹ́ ìta lè kọjá 35°C, ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀ máa ń wúlò jù. Ṣùgbọ́n lóru ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ìta máa ń tutù ju ilẹ̀ lọ. Ẹbí tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ni wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúlétutù kò ní rí èrè tó ilé tí àgbàlagbà tàbí ọmọ ọwọ́ ń wà lọ́sàn-án.

Gbígbẹ́ ihò

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga káàkiri ìlú ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Lẹ́búlẹ́bú tí atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń fẹ́ jáde ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Á kọ́kọ́ pupa. Á wá di amọ̀ funfun tó ń lẹ̀ mọ́ irin. Lẹ́yìn náà ni yóò di aláwọ̀ eérú, tí yóò máa bo ewé máńgòrò inú ọgbà. Tó bá kan ibi tí òkúta ti sán, lẹ́búlẹ́bú á dáwọ́ dúró lójijì, ẹrẹ̀ á jáde, omi á sì tẹ̀ lé e.

Yàrá mẹ́ta tí ẹ̀rọ ẹṣin kan àtààbọ̀ ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tutù nílò kí wọ́n kó ooru tó nǹkan bíi kìlówáàtì 10.5 jáde. Tí a bá fi iná tí ẹ̀rọ ń jẹ kún un, ooru tí ilẹ̀ máa gbà á tó kìlówáàtì 13. Bí mítà ihò kan bá ń gba wáàtì 40, wọ́n nílò mítà 325, ìyẹn ihò mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn ní bíi mítà 110. Ìṣirò àkọ́kọ́ nìyí. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí iye ihò, ó dára kí wọ́n gbẹ́ ọ̀kan, kí wọ́n sì yí omi gbígbóná po nínú rẹ̀ fún wákàtí 48 láti wo bí òkúta ṣe ń gbà á. Gbígbẹ́ ihò ló ń jẹ owó jù. Láàárín ìlú, bíi agbègbè Tákíé, tí agbo ilé ti sún mọ́ra, ọkọ̀ agbẹ́kànga lè má rí ọ̀nà gbà wọlé rárá.

Páìpù oníke tó ṣẹ́ po nísàlẹ̀ ni wọ́n ń rì sínú ihò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un ní omi alágbára láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Ní Sweden, wọ́n máa ń fi omi abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ láti kún ihò fúnra rẹ̀, nítorí omi kò jìn níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, omi máa ń fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, apá òkè ihò á sì gbẹ. Nítorí náà ó sàn kí wọ́n fi bẹ́ńtónáìtì (amọ̀ tó máa ń wú tí omi bá kàn án) àti yanrìn dí i, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Dídí tí wọ́n dí i yìí náà á dènà ìdọ̀tí sókàwéè kó má bàa gba ihò wọ kànga aládùúgbò. Omi lásán tó fún inú páìpù, nítorí kò sí òtútù tí yóò mú un dì.

Ooru tó ń ṣẹ́ jọ

Ní Yúróòpù, ooru tí wọ́n dà sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fà padà nígbà òtútù. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, dídà nìkan ni, bí ọdún sì ṣe ń gorí ọdún, òkúta á máa gbóná sí i. Èyí ni ìṣòro tó tóbi jù nípa ẹ̀rọ náà nílẹ̀ olóoru. Wọ́n ń dín in kù nípa jíjẹ́ kí ihò jìnnà síra ní mítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti nípa lílo ooru náà fún omi ìwẹ̀ kó tó dé ilẹ̀. Òrùlé tó ní ìbòrí abẹ́ tó nípọn àti igi tó ń ṣíji bo fèrèsé á tún dín iṣẹ́ ẹ̀rọ kù.

Iná àti ìtọ́jú

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ inú ẹ̀rọ amúlétutù náà máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń rọra gbéra ló bá jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà mu. Páìpù inú ilẹ̀ lè lo 50 ọdún, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè lo bíi 20. Ó yẹ kí wọ́n ya àwòrán ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan àti páìpù wà, kí wọ́n sì fi í sínú ìwé ilẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí fi yàrá kún ilé lẹ́yìn ọ̀la má bàa gé e.