Aláìsàn tí a dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìṣubú

Bí àgbàlagbà bá wà ní wọ́ọ̀dù, tí ilẹ̀ ṣú tí kò sùn, tó ń jà láti sọ̀ kalẹ̀, tó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń bẹ nọ́ọ̀sì fún ni pé kó gbé irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sókè, kó sì so ó lọ́wọ́ mọ́ ọn. Lójú tiwọn, ààbò nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó bá wá fà àga jókòó tì í, tó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní kò ríṣẹ́ ṣe ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ irin yẹn. Ẹni tó ti pinnu láti dìde kò ní torí irin jókòó. Á gùn ún ni, bó bá sì já, láti òkè irin ló ti máa já. Àwọn mìíràn wà tí ọrùn tàbí àyà wọn máa ń há sáàárín irin àti fóòmù. Láti 1985 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìtọ́jú, gba ìròyìn 803 nípa àwọn tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, 480 nínú wọn ló sì kú. Okùn kò sàn jù ú lọ: ẹni tí a dè á máa jà, ara rẹ̀ á bó, ẹ̀yìn rẹ̀ á degbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di aláìlágbára, ọjọ́ tí wọ́n bá sì tú u ló máa wá ṣubú gan-an. (Mi ò sọ pé irin ò wúlò rárá o. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé bọ̀ láti yàrá iṣẹ́ abẹ, tí oògùn oorun ò tíì dá lójú rẹ̀, nílò rẹ̀.)

Kí ló ń lé bàbá náà sókè? Ìrànrán ni, ìyẹn ni kí ọpọlọ ṣàdéédéé dàrú nítorí àìsàn; kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe oríkunkun. Àkóràn lè fà á, oògùn kan lè fà á, àìmumi tó, ìrora, àìsùn, ìtọ̀ tó kún inú. Tí awò ojú rẹ̀ bá tún wà nílé, tí ìró ẹ̀rọ ò jẹ́ kó sinmi, kò ní mọ ibi tó wà mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í bá a jiyàn. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé: “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi nọ́ọ̀sì yín ni. Ilé ìwòsàn lẹ wà, aago méjì òru ti lù. Kí lẹ fẹ́ dìde ṣe?”

“Mo fẹ́ tọ̀.”

Gbogbo ìjàkadì ọ̀hún ò ju ìyẹn lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Á mú un lọ tọ̀, á rẹ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, á nu omi tó bá wà nílẹ̀, á wọ bàtà tí kì í yọ̀ fún un, á fi bẹ́ẹ̀lì tó lè fi pe nọ́ọ̀sì síbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí ẹbí ní àìríṣẹ́ṣe ni yẹn ló jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ èyí tó kàn láti ṣe.

Ní 1999, Sharon Inouye, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 852 tó ti pé ẹni 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, 15 nínú 100 ló ṣèrànrán. Láàárín àwọn tí wọ́n ń rán létí ibi tí wọ́n wà, tí wọ́n fún ní awò àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, tí wọ́n mú rìn, tí wọ́n fún lómi, tí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n sùn láìlo oògùn oorun, kò pé 10.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ ṣá: níbi tí nọ́ọ̀sì kan bá ti ń dá ṣètọ́jú ọ̀pọ̀ èèyàn lóru, okùn ló máa ń yá jù. Àìtó òṣìṣẹ́ nìyẹn, ẹ má pè é ní ìtọ́jú. Ẹbí lè ràn wọ́n lọ́wọ́: ẹ mú awò rẹ̀ wá, ẹ sọ orúkọ tó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun fún wọn, kí ẹni tó mọ̀ dáadáa sì jókòó tì í tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì dé tí ẹ bá a níso, ẹ fi sùúrù béèrè ẹni tó pàṣẹ rẹ̀, ohun tí wọ́n ti gbìyànjú ṣáájú, àti ìgbà tí wọ́n máa tú u.