Ta ló ń jẹ owó fíìmù? Bí káràkátà sinimá ṣe bẹ̀rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà

Nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé l'Ámẹ́ríkà, láti bíi 1896 wá, ẹni tó ya fíìmù kì í retí owó tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Fíìmù gangan ló ń tà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n bí aláṣọ ṣe ń fi ọ̀pá wọn aṣọ, bíi sẹ́ǹtì 12 fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó dùn o, kò dùn o, iye kan náà ni, gígùn ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ti rà á, tiẹ̀ ni, ó lè máa fi hàn títí á fi já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ètò yẹn bá àwọn oníbàárà lára mu, torí alárìnká ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ àti fíìmù díẹ̀, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn ìlú, tí wọ́n bá ti fi hàn tán ó di ìlú tó kàn, níbi tẹ́nikẹ́ni ò tíì rí i rí. (Ní August 1903, irú ìfihàn inú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi mú sinimá dé Glover Hall l'Ékòó.) Wọ́n lè jẹ lára fíìmù kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Nickelodeon, ìyẹn ilé sinimá kékeré olówó pọ́ọ́kú, ló wá da gbogbo ẹ̀ rú. Ní June 1905, Harry Davis àti John Harris sọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Pittsburgh di ilé sinimá, sẹ́ǹtì 5 lowó ìwọlé. Kò pẹ́ tí irú ẹ̀ fi kún gbogbo ìlú: ṣọ́ọ̀bù tóóró, àga onígi, aṣọ funfun lára ògiri, ẹnì kan tó ń tẹ dùùrù ní kọ̀rọ̀, fíìmù á hàn fún bíi ìdajì wákàtí, àwọn yìí á jáde, àwọn míì á wọlé, àtàárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ò ṣeé gbé kúrò, àwọn ará àdúgbò kan náà ló ń padà wá, tí wọ́n bá sì bá fíìmù àná níbẹ̀ wọ́n á kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní òdìkejì títì. Fíìmù gbọ́dọ̀ yí padà, nígbà míì lójoojúmọ́ pàápàá. Ẹ bá wọn ṣírò ẹ̀: ríìlì kan, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ká jọ sójú kan, jẹ́ nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,000, tó bá jẹ́ sẹ́ǹtì 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, dọ́là 120 nìyẹn, ìyẹn ni pé tíkẹ́ẹ̀tì 2,400 ni wọ́n máa tà kí owó ríìlì kan péré tó wọlé, ká má tíì dárúkọ owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ẹni tó ń tẹ dùùrù.

Alágbàtà ló gbà wọ́n. Àwọn Miles, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní San Francisco, ti ń ṣe é láti bíi 1903: wọ́n á ra fíìmù, wọ́n á máa fi háyà ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin owó tí wọ́n fi rà á. Tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ owó ẹ̀ ń wálẹ̀ nìyẹn, títí tó fi máa dé ọwọ́ àwọn tálákà ìgbèríko, nígbà yẹn ojú fíìmù ti ha débi pé bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ ló rí. Ẹni tó ń háyà náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀ o, ẹlòmíì tó ní ilé sinimá méjì á háyà fíìmù kan ṣoṣo, ríìlì bá ti tán níbí, ọmọ kan á gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ó di ilé kejì.

Gbogbo ẹ̀ dùn mọ́ alágbàtà, àmọ́ ẹni tó ya fíìmù gba owó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Pathé ti ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ yarí, ní 1907 wọ́n ní àwọn ò ta fíìmù mọ́, háyà nìkan ló kù. L'Ámẹ́ríkà, iléeṣẹ́ fíìmù Edison àti Biograph tí wọ́n ti ń fa ara wọn lọ sí kóòtù tipẹ́ lórí pátẹ́ǹtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, bá parí ìjà ní December 1908, wọ́n kó àwọn iléeṣẹ́ ńlá yòókù mọ́ra, wọ́n dá Motion Picture Patents Company sílẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Trust. Ọgbọ́n tí wọ́n dá níbẹ̀ lágbára gan-an. Eastman Kodak, tó ń ṣe fíìmù òfìfo, gbà láti má tà fún ẹni tí kò sí lẹ́gbẹ́, ó sì ń bá wọn gba ìdajì sẹ́ǹtì lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Onísinimá ń san dọ́là 2 lọ́sẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ti fowó ara ẹ̀ rà tẹ́lẹ̀! Nígbà tó di 1910 wọ́n dá General Film sílẹ̀, iléeṣẹ́ alágbàtà tiwọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn alágbàtà lọ́kọ̀ọ̀kan. William Fox, alágbàtà kan ní New York, kọ̀ jálẹ̀, ó gbé wọn lọ sí kóòtù.

Àwọn kan máa ń sọ pé torí kí wọ́n lè sá fún lọ́yà Edison ni àwọn tó ń ya fíìmù ṣe lọ sí Hollywood. Àbùmọ́ wà níbẹ̀ o, torí Selig, iléeṣẹ́ fíìmù kan tó wà nínú Trust fúnra ẹ̀, ti kọ́ stúdíò sí Los Angeles ní 1909, oòrùn ni wọ́n ń wá.

Ní 1915 kóòtù sọ pé ohun tí Trust ń ṣe lòdì sófin, ní 1917 ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fi kún un pé pátẹ́ǹtì orí ẹ̀rọ ò ní kí èèyàn máa pàṣẹ irú fíìmù tí wọ́n máa fi sí i. Àmọ́ ọwọ́ Trust ti ń rọ kí ẹjọ́ tó dé ibẹ̀, torí iye ríìlì ni wọ́n ṣì fi ń díye lé fíìmù, nígbà táwọn bíi Adolph Zukor ti gbọ́n pé fíìmù gígùn tó ní òṣèré olókìkí nínú lè gba owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1914, W. W. Hodkinson dá Paramount sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń pín fíìmù káàkiri: ó ń fún ẹni tó ń ya fíìmù lówó sílẹ̀ kó fi ṣiṣẹ́, tí owó háyà bá wọlé, Paramount á mú ìdá 35 nínú 100, ẹni tó yà á á mú ìyókù. Zukor tó ń ya fíìmù fún Paramount wo ìdá 35 yẹn títí, ó rọra ń ra ìpín nínú iléeṣẹ́ náà, nígbà tó di 1916 wọ́n ti yọ Hodkinson.