Ẹ Ka Ìwé Tí Wọ́n Fún Yín Kí Ẹ Tó Sunkún

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, obìnrin kan wọ ọ́fíìsì mi ní Adó-Èkìtì pẹ̀lú báàgì ìrìnàjò lọ́wọ́. Èkó ló ti ń bọ̀, níbi tó ti lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà Amẹ́ríkà láti lọ bá ọkọ rẹ̀, kò tíì yà sí ilé rẹ̀ ní Ìkéré rárá. Kò tíì jókòó tán tó fi ṣí Bíbélì rẹ̀, ó fa ìwé kan tó ti ká sí mẹ́rin yọ nínú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì mi. Ó ní, "Lọ́yà, wọn ò fún mi."

Mo tú ìwé náà wò. Nínú gbogbo àpótí kéékèèké tó wà lára rẹ̀, méjì péré ni òyìnbó tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò máàkì. Àkọ́kọ́ ni ìwé owó orí ọkọ rẹ̀ fún ọdún tó kọjá. Èkejì, tí wọ́n fi báírò kọ sísàlẹ̀, ni pé kó ṣàlàyé ìdí tí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ fi sọ pé ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n bí i sí, tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì sọ pé Èkìtì. Mo bi í bóyá ó ti kà á. Ó ní kí ló tún kù tí òun fẹ́ kà, ṣebí wọ́n ti kọ "refused" sí i lókè.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìwé yẹn kì í ṣe ìwé ìléjáde. Ìbéèrè ni. Nínú òfin Amẹ́ríkà lórí àwọn tó fẹ́ wọ ìlú wọn, òṣìṣẹ́ físà kò ní ju ọ̀nà méjì lọ tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá parí: kó fúnni, tàbí kó kọ̀. Kò sí "ẹ ṣì máa dúró ná" nínú òfin náà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ewé kan péré ló sọnù nínú fáìlì yín, ó di dandan kó kọ ọ́ pé òun kọ̀, kó sì tọ́ka sí abala 221(g). Láti ọjọ́ náà, ọdún kan gbáko ni ẹ ní láti mú ohun tó béèrè wá, ẹ kò sì ní san owó físà tuntun. Bí ọdún náà bá kọjá tí ẹ kò mú nǹkan kan wá, ó di kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún sanwó.

Ojú òpó tí wọ́n ti ń yẹ físà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà yóò kọ "Refused" síbẹ̀. Mo sọ èyí torí pé ọkọ tó wà ní Houston máa ń rí i ní òru, á rò pé ìyàwó òun ti lọ parọ́ níbẹ̀, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ti parí irú ìjà yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kì í sì gba owó rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ìwé yín dáadáa. Bó bá jẹ́ 212(a)(6)(C) ni wọ́n kọ, àìsàn mìíràn nìyẹn: wọ́n ń sọ pé ẹ parọ́ tàbí pé ẹ lo ayédèrú ìwé. Bákan náà, bí wọ́n bá ní àwọn ń dá fáìlì padà sọ́dọ̀ USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé tí ọkọ tàbí aya yín fi bẹ̀bẹ̀ fún yín, iyèméjì wà lórí ìgbéyàwó náà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Bí USCIS bá wá fẹ́ fagi lé ìwé tó fọwọ́ sí, ọkọ tàbí aya tó wà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sì sábà ń fún un láti fèsì. Ẹ má fi àgbo yìí wo ìyẹn o. Ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin Amẹ́ríkà lọ.

Ọ̀rọ̀ Oǹdó àti Èkìtì yẹn wá ńkọ́? Àwa ará ibí ló ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì lára Oǹdó. Oǹdó fúnra rẹ̀, ọdún 1976 ni wọ́n yọ ọ́ lára Western State. Ẹni tí wọ́n bí ní Ìjerò lọ́dún 1974, Western State ni wọ́n bí i sí. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1985, Oǹdó. Ọmọ àbúrò yẹn tí wọ́n bí ní 1998, Èkìtì. Ilé kan náà, bóyá yàrá kan náà pàápàá. Ta ló fẹ́ sọ fún òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ohio dé?

Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un. Lẹ́tà ojú ìwé kan tó: ìlú tí wọ́n bí mi sí kò yí padà, orúkọ ìpínlẹ̀ ló yí padà, ọjọ́ tó yí padà nìyí. Ẹ fi ìwé ìbúra láti kóòtù gíga tì í, ó tán. Ohun tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ni kí ẹ sáré lọ gba ìwé ọjọ́ ìbí tuntun tí yóò kọ Èkìtì, kí ó lè bá páásípọ́ọ̀tù mu. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ọjọ́ ìbí méjì lẹ ní nínú fáìlì kan, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìbéèrè lánàá á wá di ìfura lónìí.

Sípẹ́lì náà bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa kọ "Aiye", àwa ń kọ "Aye". Ìlú Ayédùn ń bẹ lórí ìwé kan, Aiyedun ń bẹ lórí òmíràn. Mo ti rí Ikere àti Ikerre nínú fáìlì ẹnì kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá yín ló rí bẹ́ẹ̀, ìwé ìbúra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì ni kí ẹ ṣe, kí ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra ọ̀hún, títí kan Tóyìn tó dúró fún Olúwatóyìn lórí ìwé WAEC.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ìgbéyàwó gan-an. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a máa ń ṣe é nílé wa: ọkọ wà ní òkè òkun, kò ráàyè wá, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga, alága ìjókòó ń kọrin, ìyàwó kúnlẹ̀ fún fọ́tò, àwọn àgbà súre, a jẹ iyán, a relé. Lójú àṣà, ìyàwó ti di ti ẹbí ọkọ. Lójú òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà, ìgbéyàwó tí tọkọtaya kò jọ fojú kan ara wọn nídìí rẹ̀ kò tíì jẹ́ ìgbéyàwó, àfi tí wọ́n bá ti sùn pọ̀ bí ọkọ àti aya lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo ní lẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú kò dí àlàfo yẹn. Nítorí náà, bí ìwé yín bá ń béèrè "ẹ̀rí pé ẹ pàdé lẹ́yìn ìgbéyàwó", wọ́n ti rí fọ́tò orí àga yẹn. Òǹtẹ̀ inú páásípọ́ọ̀tù ọkọ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ìwé ìbúra ẹni tí ẹ dé sílé rẹ̀.

Ìwé ìgbéyàwó náà ní tirẹ̀. Ìwé tí pásítọ̀ fọwọ́ sí pé òun súre fún yín yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ nìkan ló lè fúnni ní ti òfin. Bí ṣọ́ọ̀ṣì yín kò bá ní àṣẹ náà, rẹ́jísírì ìjọba ìbílẹ̀ ni ẹ ó lọ. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, ìwé ìbúra láti ọ̀dọ̀ ẹbí méjèèjì, tí àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an búra sí, ni kí ẹ wá.

Ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀ rí, kó gbọ́ mi dáadáa. Ìgbéyàwó rẹ́jísírì, kóòtù gíga nìkan ló lè tú u ká. Kóòtù ìbílẹ̀ kò ní agbára lórí rẹ̀, bó ti wù kí òǹtẹ̀ wọn pọ́n tó. Bí kóòtù gíga bá sì tú u ká, ìwé méjì ló ń jáde: "decree nisi" kọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta "decree absolute". Èkejì yẹn ni ẹ́ńbásì ń béèrè. Ọkùnrin kan mú nisi wá bá mi tó ti fi sínú férémù nílé. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, mo wo ọjọ́ tó fẹ́ ìyàwó tuntun: ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló wà láàárín. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe àtúnṣe ìyẹn. Ó ní láti fẹ́ obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i lábẹ́ òfin, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìwé látìbẹ̀rẹ̀. Ó bínú sí mi gan-an lọ́jọ́ náà.

Fọ́tò rọrùn ju bí àwọn èèyàn ti rò lọ. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta fọ́tò láti ọjọ́ ìnáwó kan, ẹ̀rí ọjọ́ kan ni, ankárá ló kàn pọ̀ níbẹ̀. Fọ́tò ogún láti ìgbà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn jù ú lọ. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, àti orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn. Ti WhatsApp, ojú ewé kan tàbí méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan ti tó. Èmi fẹ́ràn ibi tí tọkọtaya ti ń jà lórí owó jẹnẹrétọ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní ààyò lọ, torí pé kò sẹ́ni tó ń jókòó hùmọ̀ ìjà jẹnẹrétọ̀.

Ní ti owó, onígbọ̀wọ́ yín gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun kò dín ní ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń díwọ̀n òṣì, ní ìbámu pẹ̀lú iye èèyàn tó ń bọ́, ẹ̀yin náà wà lára wọn. Ọkọ tó ń wa Uber á máa ka gbogbo owó tó pa, òṣìṣẹ́ físà á máa wo èyí tó kù lórí ìwé owó orí lẹ́yìn epo àti àtúnṣe ọkọ̀. Bí kò bá tó, ẹ wá onígbọ̀wọ́ kejì tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní gíríìnì kádì, tó sì ń gbé níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè ṣe é, bó ti wù kó lówó tó.

Bí wọ́n bá béèrè ìwé ọlọ́pàá láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ ti jẹ́wọ́ nínú fọ́ọ̀mù pé ẹ gbé ibẹ̀ tó ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Bí wọ́n bá sì fún yín ní DS-5535, fọ́ọ̀mù àfikún ìbéèrè nípa ìgbésí ayé yín, ẹ fara balẹ̀: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni ìrìnàjò, àdírẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè, ọdún márùn-ún sì ni ti Facebook àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi orúkọ kankan tí ẹ ń lò níbẹ̀ pamọ́.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹnì kan á máa pè yín pé òun mọ ẹnì kan. Fún iye kan, á bá yín ṣe ìwé owó orí, á bá yín ṣe decree. Ìgbà tí 221(g) ń di 212 nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ti dájọ́ pé ìgbéyàwó yín jẹ́ ti jìbìtì torí físà, kò sí ìwé ìdílé kankan tí wọn yóò tún fọwọ́ sí fún yín láyé, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn tọkàntọkàn.

Èmi náà ti ṣàṣìṣe rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kí oníbàárà mi kan máa fi ìwé ránṣẹ́ bó ṣe ń rí i: ọ̀kan lóṣù kẹta, ọ̀kan lóṣù karùn-ún. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ṣí fáìlì náà á rí i pé kò pé, á sì pa á dé padà. Àyẹ̀wò ìlera rẹ̀, tí kì í sábà ju oṣù mẹ́fà lọ, kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì sanwó òmíràn. Láti ìgbà yẹn, ìwé kankan kì í kúrò lọ́wọ́ mi títí gbogbo wọn á fi pé, ọ̀nà tí lẹ́tà wọn bá sì ní kí a gbà fi ránṣẹ́ nìkan la ń gbà. Ní ti àyẹ̀wò ìlera yìí: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni àṣẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà ti dènà físà fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ti àwọn tó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wo ojú òpó ẹ́ńbásì kí ẹ tó lọ sanwó àyẹ̀wò tuntun, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ jẹ́ kí ọdún kan yẹn lọ.

Obìnrin Ìkéré yẹn padà wá ní ọjọ́ Ajé. Ọkọ rẹ̀ ti gba ìwé owó orí náà lórí ìkànnì IRS, iléeṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, lọ́fẹ̀ẹ́, kò gbà á ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. A kọ lẹ́tà Oǹdó àti Èkìtì, a lọ búra ní kóòtù. Nígbà tí a fẹ́ di àpò ìwé náà, ó fa álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó rẹ̀ yọ nínú báàgì, ó ní kí a fi kún un kó lè wúwo.

Mo ní kó gbé e padà sílé. Ohun méjì ni wọ́n béèrè.