Bí Ará Ìbàdàn Ṣe Lè Yan Òtẹ́ẹ̀lì ní Paris Nígbà Àkọ́kọ́

Àlejò tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, Moniya ló máa sọ̀kalẹ̀ sí. Bí iṣẹ́ tó bá wá bá wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n sì lọ gba yàrá fún un ní Challenge, ọmọ Ìbàdàn kankan kò nílò àlàyé kó tó mọ̀ pé wọ́n ti fìyà jẹ àlejò náà. Yóò kọjá lẹ́bàá ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, yóò tún ṣẹ́rí padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, owó Micra á sì máa jáde lápò rẹ̀. Yàrá lè mọ́, iná lè má lọ rárá, ibi tí ilé náà wà ni kò bá a mu. Ohun kan náà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ sí Paris nígbà àkọ́kọ́: àwòrán ibùsùn àti iye owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, nígbà tó jẹ́ pé àdírẹ́sì ló yẹ kó ṣíwájú.

Paris gan-an kò fẹ̀ tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe tóbi. Òpópónà kan tó gùn tó kìlómítà 35, Boulevard Périphérique, ló yí i po bí odi ìlú àtijọ́. Agbègbè 20 ló wà nínú rẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní arrondissement. Láti ọdún 1860 ni wọ́n ti pín in báyìí. Àárín ìlú, níbi tí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre wà, ni agbègbè kìíní, kíkà náà sì ń yí po láti ibẹ̀ bí ìkarahun ìgbín títí ó fi dé ogún létí ìlú. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ibẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ àárín ìlú tó.

Nọ́ńbà márùn-ún tó wà nínú àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì ló ń tú àṣírí ibi tó wà. Bó bá fi 75 bẹ̀rẹ̀, inú Paris ni, méjì tó gbẹ̀yìn sì ni nọ́ńbà agbègbè: 75005 jẹ́ agbègbè karùn-ún, 75018 jẹ́ ìkejìdínlógún. Èyí tó bá fi 92, 93 tàbí 94 bẹ̀rẹ̀ ti wà lẹ́yìn odi. 95700 ni ti Roissy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle. 77 sì ni ti apá ibi tí Disneyland wà. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn odi ló ń fi "Paris" sí orúkọ wọn, bí ẹni tó ń gbé Ológunẹ́rù ṣe máa ń sọ pé Ìbàdàn lòun wà. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jí sí ìtòsí odò Seine kò ní fẹ́ bá ara rẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn àdírẹ́sì ni ojú irin. Métro ti ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ Paris láti ọdún 1900, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì lé ní 300, débi pé ó ṣòro kí òtẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ìlú jìnnà sí ọ̀kan. Ìbéèrè tó yẹ kí àlejò tuntun bi ara rẹ̀ ni pé, ọkọ̀ mélòó lòun máa pààrọ̀ pẹ̀lú ẹrù láti pápákọ̀? Ọkọ̀ ojú irin RER B ló ń ti Charles de Gaulle wọ ìlú, ó sì ń dúró ní Gare du Nord, Châtelet–Les Halles, Saint-Michel àti Denfert-Rochereau. Yàrá tó bá ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé láti ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí yóò gba àlejò lọ́wọ́ gígun àtẹ̀gùn lábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú báàgì kìlógíráàmù 23.

Láti January 2025, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, tó jẹ́ yúrò 2.50 lọ́dún náà, ló ń gbé èèyàn káàkiri gbogbo ẹkùn Paris lórí métro àti RER, àyàfi pápákọ̀ tó jẹ́ yúrò 13 nígbà náà. Ìyẹn ni pé ẹni tó gbé ẹ̀yìn odi kò ní san owó ọkọ̀ tó ju ti ẹni tó gbé inú ìlú lọ mọ́. Àkókò ló máa fi san án, àti òru. Métro máa ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn aago kan òru lọ́jọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀sì òru tàbí takisí ló kù. Takisí láti Charles de Gaulle ní iye tí ìjọba ti fi lélẹ̀: ní 2025, yúrò 56 sí bèbè ọ̀tún odò Seine (apá àríwá), 65 sí bèbè òsì (apá gúúsù). Ṣùgbọ́n inú Paris nìkan ni iye yìí mọ. Mítà ni wọ́n ń kà fún ẹni tó ń lọ sí ẹ̀yìn odi.

Fún ará Ìbàdàn, ìtòsí Denfert-Rochereau ní agbègbè kẹrìnlá ni ó yẹ kó kọ́kọ́ wò. RER B ń dúró níbẹ̀, ariwo ibẹ̀ kò tó ti Gare du Nord, métro kẹrin sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ tààrà sí Château d'Eau, níbi tí àwọn onídìrí ọmọ Áfíríkà kún sí, àti Château Rouge, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata. Ọjọ́ kẹta tí búrẹ́dì bá ti sú èèyàn ni yóò mọ ìwúlò ọkọ̀ yẹn.

Ìràwọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì kò sọ nǹkan kan nípa ibi tí ilé wà. Atout France, àjọ ìrìn àjò afẹ́ ilẹ̀ Faransé, ló ń fi í fún wọn fún ọdún márùn-ún, ohun tó ṣeé wọ̀n àti ohun tó ṣeé kà ni wọ́n sì máa ń wò jù. Yàrá ẹni méjì ní òtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ kan lè jẹ́ sukuwá mítà 9 péré (bíi mítà mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó), nígbà tí ti oníràwọ̀ márùn-ún kò gbọdọ̀ dín ní sukuwá mítà 24. Ẹni tó ti mọ yàrá ńlá bíi ti Premier Hotel lórí òkè Mokola yóò rò pé wọ́n fún òun ní yàrá ẹrù. Ilé àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn kò ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, ọ̀pọ̀ kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ó bá jẹ́ July tàbí August ni ìrìn àjò, ó yẹ kí èèyàn ka èyí dáadáa kó tó sanwó. Owó orí àlejò tún wà, tí wọ́n ń gbà lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iye ìràwọ̀ ló ń gbé e sókè, ní 2024 ni wọ́n sì fi kún un gidigidi láti fi bójú tó ọkọ̀ ìgboro.

Ará Amẹ́ríkà lè gúnlẹ̀ sí Paris kó tó máa wá ibi tí yóò sùn. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé òtẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè fún físà Schengen, ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí èèyàn fi ń wọ France àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù míì. Iye alẹ́ tó wà nínú ìwé náà ló tilẹ̀ ń pinnu orílẹ̀-èdè tí èèyàn yóò tọ̀ lọ. Bí ó bá máa sun alẹ́ mẹ́ta ní Paris àti márùn-ún ní Amsterdam, ọ̀dọ̀ Netherlands ni ìwé rẹ̀ ń lọ, bí bàálù tilẹ̀ balẹ̀ sí Paris. Bí alẹ́ bá dọ́gba, ibi tí yóò kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ìgbà tí èèyàn yóò fi ìwé béèrè físà sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò lọ, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Yúrò 90 tí wọ́n ń san láti June 2024 kì í padà bọ̀ bí wọ́n bá kọ̀.

Ìdí nìyí tí yàrá tó ṣeé fagi lé láìsanwó fi dára jù, bó tilẹ̀ wọ́n ju èyí tí owó rẹ̀ kì í padà lọ. Orúkọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu, ọjọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti ti ìbánigbófò mu. Òtẹ́ẹ̀lì lè dán káàdì wò nígbàkigbà. Bí káàdì náírà bá kọ̀, wọ́n lè pa yàrá náà rẹ́ láìjẹ́ pé onítọ̀hún fiyè sí íméèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí àwọn tó ń ṣe físà bá wá pe òtẹ́ẹ̀lì náà, wọn kò ní bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Káàdì àkáǹtì owó òkèèrè fọkàn èèyàn balẹ̀ jù. Ayédèrú ìwé òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn kan ń tà burú ju gbogbo èyí lọ, torí àkọsílẹ̀ físà tí wọ́n kọ̀ lè wà nínú kọ̀ǹpútà gbogbo ilẹ̀ Schengen fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ dé sọ́dọ̀ ẹbí, ẹbí náà ni yóò lọ gba ìwé attestation d'accueil (ìwé ìgbàlejò) ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń fi òru gbéra ní Èkó máa ń balẹ̀ láàárọ̀, yàrá kì í sì í sábà ṣí kó tó di aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán. Òtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń bá àlejò tọ́jú ẹrù títí di ìgbà yẹn. Kí èèyàn ti yọ ẹ̀rọ tó ń so pọ́lọ́ọ̀gì pọ̀ (adapter) jáde kó tó fi báàgì sílẹ̀, nítorí pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kì í wọ ihò roboto méjì tó wà lára ògiri wọn.